Ọmọ Tó Mu Kẹrosíìnì: Ẹ Má Rọ Ọ́ Lépo Pupa Mọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn, ẹ kú àìsùn. Kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń ra tiyín, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó ń pàtẹ ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi máa ń yá mi kà kó tó kó èyí tí kò tà padà, mo sì máa ń kà á látòkè délẹ̀, títí kan ìpolówó olóògbé.

Kẹrosíìnì ni mo ń tà ní Bárígà, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tó lọ sọ́nà ọ̀sà, níbi táwọn Ìlàjẹ ti ń yan ẹja. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ọjà yìí. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn máa ń rán wá ra ìgò kan lọ́dọ̀ mi láyé ọjọ́sí ti ń rán ọmọ tiwọn wá báyìí. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ni ojú ìwé ìmọ̀ràn ìlera yín. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ọmọ bá ṣèèṣì mu kẹrosíìnì, kí ìyá rẹ̀ sáré fún un ní epo pupa kó lè bì í, àti pé tí kò bá sí epo, kó fún un ní mílíìkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n fèsì. Irọ́ gbáà ni, irọ́ tó sì ń pa ọmọ ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, kí ló kan oníkẹrosíìnì nínú ọ̀rọ̀ dókítà? Ó kàn mí. Ọjà mi ni ọmọ ń mu. Tí ọmọ bá sì mu ún tán, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré wá, bíi pé ẹni tó ń ta nǹkan ló ń tọ́jú ẹ̀rọ̀ rẹ̀ sábẹ́ àga.

Èyí tó ṣojú mi gbẹ̀yìn nìkan ni máa sọ. Ọmọkùnrin ni, kò tíì pé ọdún méjì, ọjọ́ orí tí wọ́n máa ń fọwọ́ kan gbogbo nǹkan. Ilé tí wọ́n ń gbé, yàrá kojú sí yàrá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo ayálégbé ti ń dáná. Ìyá rẹ̀ ra ààbọ̀ ìgò kẹrosíìnì lọ́wọ́ ẹnì kan ládùúgbò, inú ike ẹlẹ́rìndòdò ọlọ́sàn ló rà á sí. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣítóòfù. Òjò ṣú, ó sáré jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Kò tíì ká aṣọ tán tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Kò sí ẹni tó lè bá ọmọ yẹn wí. Irú ike yẹn gan-an ni wọ́n fi ń bu omi fún un mu látàárọ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rí ike tó mọ̀, ó gbé e sẹ́nu. Kẹrosíìnì tó dáa kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi lójú. Òórùn rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ táwọn ayálégbé ti ń tan ṣítóòfù, òórùn ilé ni lójú tirẹ̀.

Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, wọ́n ti gbé ọmọ sùn sórí ẹsẹ̀ ìyá àgbà kan, wọ́n fà á ní gbangangan bí a ṣe ń rọ ọmọ lágbo. Ẹnì kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹnì kan há imú rẹ̀ kó lè la ẹnu. Epo pupa wà nínú ife onírin, wọ́n ti rọ díẹ̀ sí i. Epo yẹn ń ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ lọ sí etí, ó ti kun gbogbo ọrùn. Èwù tó wọ̀ ti rin gbindin fún kẹrosíìnì, kò sẹ́ni tó rántí bọ́ ọ. Ikọ́ tó ń wú ni mo ń gbọ́: kúkú, kúkú, á dákẹ́, á tún mí hẹlẹ. Mo já ife gbà. Ìyá àgbà yẹn bú mi, ó ní ṣé torí pé ọjà mi ni kẹrosíìnì ni mi ò ṣe fẹ́ kó jáde lára ọmọ. Mi ò dá a lóhùn. Mo bọ́ èwù ọmọ, a fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ lára, mo gbé e jókòó lé itan ìyá rẹ̀, a bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ márúwá.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan tó sún mọ́ wa la kọ́kọ́ yà sí. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ká san owó ìdógò ká tó rí dókítà. Ọmọ ń mí fúkẹfúkẹ lójú rẹ̀ o. Mi ò ní dárúkọ wọn, àwọn náà mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ̀ ọ́n: Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, ẹsẹ 20, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì fún ìdí yòówù. Ẹni tó bá kọ̀, owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ ló wà fún un, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ sọ ọ́ sí wọn létí tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ mú owó wá. Èmi sọ ọ́, akọ̀wé yẹn wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè, mo sì rí i pé tí mo bá dúró jà, ọmọ á kú sí mi lọ́wọ́. A gbéra, ó di ọsibítù ìjọba.

Dókítà tó gbà wá níbẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn mọ́jú. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi wá kì í ṣe bí kẹrosíìnì ṣe pọ̀ tó. Ó ní, “Ẹ̀yin màmá, ṣé ọmọ yìí bì?” A ní rárá. Ó tún bi ìyá rẹ̀ lọ́tọ̀, “Kò bì rárá?” Ó ní rárá, Dókítà. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó gbé nǹkan gbọ́ àyà ọmọ, ó ka bó ṣe ń mí, ó fi ohun kékeré kan há a níka tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ ẹ̀jẹ̀ hàn, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Wọn ò fi rọ́bà fọ inú rẹ̀ rárá. Èyí ya ìyá ọmọ lẹ́nu, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fà á jáde. Ibẹ̀ ni dókítà ti jókòó tì wá tó ṣàlàyé, àlàyé yẹn ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ sí ibi tẹ́ ẹ tẹ irọ́ ọjọ́sí sí.

Ó ní kẹrosíìnì tó bá wọ inú ikùn lọ kì í sábà ṣe nǹkan bàbàrà fún ọmọ. Èyí tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ni wàhálà. Èmi tí mo ń tà á mọ ohun tó ń wí. Tí ẹ̀kán kan bá já bọ́ sórí tábìlì mi, kì í dúró lójú kan bí omi, á tàn, á tàn, títí á fi bo ibi tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró. Díẹ̀ péré tó bá yà sọ́nà èémí, á tàn ká inú ibi tí ọmọ fi ń mí, á sì dá egbò síbẹ̀. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà ní ọ̀fun. Nígbà tí ọmọ kọ́kọ́ gbé e mì, ó ṣeé ṣe kí ìwọ̀nba díẹ̀ ti yà sí ibi tí kò yẹ. Ìdí nìyí tó fi ń wúkọ́. Tẹ́ ẹ bá wá mú kó bì, gbogbo èyí tó ti lọ sí ikùn tó sì ti jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀ á tún gba ẹnu ọ̀nà èémí kọjá lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ẹkún, pẹ̀lú ìjàkadì, pẹ̀lú imú tẹ́ ẹ há.

Epo pupa ńkọ́? Kò sí ohun tó ń ṣe fún kẹrosíìnì. Kò pa á, kò fà á, kò rọ̀ ọ́. Èébì nìkan ló ń fà. Tí epo yẹn fúnra rẹ̀ bá sì yà sí ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn mìíràn lọ́tọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mílíìkì, bẹ́ẹ̀ náà ni omi iyọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìka tí wọ́n máa ń tì bọ ọmọ lọ́nà ọ̀fun.

Bàbá kan wà tó máa ń wá jókòó ní ìsọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́, ẹni ọ̀wọ̀ ni, lándílọ́ọ̀dù ni. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un, ó ní, “Ìyá, epo ni ẹ̀rọ̀. Èmi náà mu kẹrosíìnì rí ní kékeré, epo pupa ni wọ́n fún mi, mo sì rèé.” Mo ní ẹ kú orí ire, Bàbá. Àwọn tí wọ́n fún lépo tí wọn ò là á, wọn ò lè wá bá wa jókòó níbí kí wọ́n wá jẹ́rìí tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mu ẹnu kan kẹrosíìnì, ara wọn á padà yá bí a ò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan, epo á wá gba ọpẹ́ iṣẹ́ tí kò ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo lẹ́nu. Mi ò rò pé mo yí i lọ́kàn padà.

Ohun tó yẹ ká ṣe kò pọ̀, kò sì gba owó. Ẹ gba ike lọ́wọ́ ọmọ, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tí kẹrosíìnì dà sí, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara rẹ̀, torí ó máa ń bó ọmọ lára, òórùn rẹ̀ ò sì dáa fún un. Ẹ gbé e jókòó. Tí oorun bá ń gbé e lọ tàbí tí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ohunkóhun tó bá fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ lè ṣàn síta. Tó bá bì fúnra rẹ̀, ẹ tẹ orí rẹ̀ síwájú. Ẹ má fún un ní nǹkan kan. Ẹ mú ike náà dání, kí dókítà lè rí ohun tó mu. Kẹ́ ẹ sì máa lọ. Kódà kó máa ṣeré, kó máa rẹ́rìn-ín, ẹ máa lọ, torí mímí fúkẹfúkẹ yẹn lè má bẹ̀rẹ̀ títí wákàtí mélòó kan. Dókítà á fẹ́ máa wò ó fún bíi wákàtí 6, ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ bó ṣe ń mí, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọlé, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tó kàn ń sùn lọ, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 àti 767, ọ̀fẹ́ ni láti pè é, kò nílò káàdì lórí fóònù.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ike yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé èmi mọ̀ ọ́n ju dókítà lọ. Láyé ọjọ́sí, ènìyàn ń ra gálọ́ọ̀nù kan, ó ní kéègì tirẹ̀ tó dúdú mìnìjọ̀, ọmọ kankan ò lè gbé e sẹ́nu. Nígbà tí owó kẹrosíìnì gun òkè, àwọn tó lágbára bọ́ sórí gáàsì, àwọn mìíràn padà sídìí èédú. Àwọn tó ṣẹ́kù fún wa ni àwọn tó ń ra ìwọ̀nba tí wọ́n máa fi se oúnjẹ alẹ́ yìí. Ta ló máa gbé kéègì wá ra ààbọ̀ ìgò? Ike ẹlẹ́rìndòdò tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n máa ń mú wá, tàbí ike omi. Bí owó rẹ̀ ṣe ń wọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni ike ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ló sì ń bá ọwọ́ ọmọdé mu sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé àwọn òbí aláìbìkítà ni ọmọ wọn ń mu kẹrosíìnì, kó wá dúró ní ìsọ̀ mi láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kó wo àwọn tó ń rà á. Òbí tó rẹ̀ ni wọ́n.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Òkè wo? Yàrá kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ, ìkòkò, gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀. Mátíróònù kan tó ti fẹ̀yìn tì, oníbàárà mi, sọ fún mi pé ní Gúúsù Áfíríkà, ní àwọn ọdún 1990, wọ́n pín ike kẹrosíìnì tí ìdérí rẹ̀ kò rọrùn fún ọmọdé láti ṣí fáwọn ìdílé, ọmọ tó ń mu ún níbẹ̀ sì dín kù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ìdérí lásán ni o. Kì í ṣe ìwàásù, kì í ṣe ẹ̀bi lórí ìyá ọmọ.

Kì í sì í ṣe kẹrosíìnì nìkan là ń rọ sínú ike ohun mímu. Rìwáyà ọkọ̀ ń rọ omi bátìrì sí i. Àwọn tó ń se ọṣẹ ń rọ omi sódà sí i. Ọ̀tápíápíá tí wọ́n fi ń pa aáyán ńkọ́? Láti 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n yé ta Sniper ní ọjà gbangba àti sọ́pamákẹ́ẹ̀tì, ẹ wá wo àtẹ àwọn tó ń kiri. Sódà àti omi bátìrì tilẹ̀ burú ju ọjà tèmi lọ. Ohun tó jó ọ̀nà ọ̀fun bó ṣe ń lọ, tẹ́ ẹ bá mú kí ọmọ bì í, á tún jó o bó ṣe ń bọ̀. Ọmọ lè la ikú já kó má lè gbé ẹ̀bà mì mọ́ láyé rẹ̀. Fún ìyẹn náà, ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀ dà nù, ẹ má fún un lépo, ẹ má tì í níka, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Mátíróònù yẹn ní ìṣòro wa ni pé ọwọ́ wa máa ń yá sí ẹnu ọmọ. Mo wò ó, ó bá òótọ́ mu. Wàhálà bá dé, ẹnu la kọ́kọ́ ń wá. Ẹ wo ọmọ tí gìrì gbé. Ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń já pàtìpàtì, ẹnì kan á ti sáré mú ṣíbí wá láti fi la eyín rẹ̀. Wọ́n á ní kó má baà gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Ahọ́n ò ṣeé gbé mì, ẹ̀yin ará, ó so mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu. Ṣíbí yẹn ń ká ọmọ léyín, eyín tó ká á lè bọ́ sọ́nà èémí. Ẹlòmíràn á gbé ìtọ̀ màlúù dé, èyí tí wọ́n fi ewé tábà àti aáyù àti efinrin po. Àwọn dókítà Ìbàdàn ti ń kọ̀wé lórí rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970: ó ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó ń fa èémí rẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ tí gìrì rẹ̀ ì bá dá fúnra rẹ̀ á sùn lọ kò ní jí. Àwọn mìíràn ṣì ń na ẹsẹ̀ ọmọ sí iná. Mo ti rí àpá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àgbàlagbà.

Gìrì ibà yẹn, ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 ló sábà máa ń ṣe, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í kọjá ìṣẹ́jú 5 kó tó dá. Ó ń bani lẹ́rù ju bó ṣe burú lọ. Ẹ fẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ gbé ohun tó lè gbá mọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wo aago. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tó dá tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ sáré gbé e lọ. Tó bá dá náà, ẹ ṣì gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ibà ẹ̀fọn ni, kí wọ́n sì rí i dájú pé kì í ṣe àìsàn inú ọpọlọ.

Èyí tó kan ọjà mi gan-an tún ni iná. Èkó kò gbàgbé ọdún 2001, nígbà tí kẹrosíìnì tí wọ́n ti da bẹntiróòlù lù ń gbá jó ènìyàn nídìí ṣítóòfù àti àtùpà. Ẹ má da kẹrosíìnì sínú ṣítóòfù tó ń jó, kódà kí ẹ̀wà ku díẹ̀ kó jiná. Ẹ pa á, kó tutù. Tí iná bá jó ọmọ, omi tútù lásán, tó ń ṣàn, fún 20 ìṣẹ́jú. Bí ẹ̀rọ omi ò bá sí, ẹ máa fi abọ́ bù ú dà sí i. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe ẹ̀kọ, kì í ṣe epo tún ni. Ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ bò ó, ẹ máa gbé e lọ. Tó bá burú, ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Gbàgádà ní ẹ̀ka tó wà fún àwọn tí iná jó.

Kí ẹ má baà rò pé mo ní kí nǹkan kan má wọ ẹnu ọmọ láyé, ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹnu gan-an ni ẹ̀rọ̀ wà. Ìgbẹ́ gbuuru ni. Ibẹ̀ ni mo wá ń rí i tí àwọn ìyá ń fi omi du ọmọ, wọ́n ní tó bá mu ún á tún yà á! Àìsí omi lára ló ń pa ọmọ onígbẹ́ gbuuru. Ẹ ra ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ mu, pẹ̀lú oògùn zinc, kò wọ́n. Tí kò bá sí lọ́wọ́, omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì. Kí ṣíbí dọ́gba, kó má ga. Omi inú ọ̀rá méjì ló máa ń jẹ́ lítà 1, tó bá jẹ́ 50cl ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì dá ọmú dúró. Iyọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Tó bá pọ̀ jù, ewu ni.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ sùn sí ọsibítù, wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ṣì ń wá já mi ní bisikíìtì gbà.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ yín kò le. Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀, lójú ìwé kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi bí ti tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sọ pé ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì máa fi irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ han nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kan kó tó jáde. Ojú ìwé yín ni wọ́n máa ń gé lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná, mo ti rí i.

Sí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ jọ ń ta kẹrosíìnì, ní Bárígà, ní Ṣómólú, ní Mushin, ní Àjégúnlẹ̀, ohun tí mo ń ṣe nìyí. Mo lọ bá àwọn mẹkáníìkì, mo ra kéègì ọ́ìlì mọ́tò kéékèèké tí ìdérí wọn ń lọ́ le, mo fọ̀ wọ́n, mo fi ọ̀dà pupa kọ KẸROSÍÌNÌ sí wọn lára. Ẹni tó bá gbé ike ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike omi wá, mi ò ní rọ ọ́ sí i, kódà kó bínú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Màá fún un ní kéègì, á fi owó díẹ̀ dógò, tó bá tún fẹ́ rà, á gbé kéègì náà wá, nígbà tí kò bá sì fẹ́ mọ́, á gba owó rẹ̀. Àwọn kan bínú lọ lóòótọ́. Àwọn tó pọ̀ jù ti padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe ń ṣe ìṣirò owó ìdógò náà kí n má baà jẹ gbèsè, kó béèrè mi lọ́nà ọ̀sà, wọ́n á júwe ìsọ̀ mi fún un.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Oníkẹrosíìnì,
Bárígà, Èkó.